Apá Ìsàlẹ̀ Ẹja

Nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn ní Tsio-Bue, ojú ọ̀nà kan máa ń yọ láti inú omi, dúdú, tó ń dán, bí ẹ̀yìn ẹja ńlá kan tó fẹ́ mí díẹ̀ kó tó padà sísàlẹ̀. Wákàtí mẹ́ta péré ló máa ń lò lókè. Ẹni tó bá mọ ìrìn á gbà á dé orí àpáta tó dá dúró níwájú abúlé, níbi tí ojúbọ Àwọn Arákùnrin Rere wà, á sì padà kí omi tó bo ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ ìrìn á di àlejò àwọn òkú títí omi yóò fi tún fà.

Bing-tik mọ ìrìn. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń gbé ní ìlú ńlá Kaosiong, níbi tó ti kàwé dé yunifásítì tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò báyìí, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé òkúta tó ń yọ̀ àti èyí tí kì í yọ̀. Ọ̀sán ti ń rọ̀. Ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì mọ́ ojú omi débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí òkun parí sí tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó wà ní èbúté lẹ́yìn rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ó ń rìn, ó sì ń ṣe é bíi pé kì í ṣe òun ló ń rìn, bíi pé àpáta náà ló ń rọra bọ̀ wá pàdé òun.

Bébà kan wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ tó kọ ìbéèrè márùn-ún sí.

Ohun tó gbé e wá kò ṣòro láti sọ, àmọ́ kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́la ni wọn yóò pe ẹ̀mí bàbá rẹ̀ jáde láti inú òkun. Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí Tiong-hai ti wọ ọkọ̀ tí kò sì padà, ọdún mẹ́sàn-án náà sì ni Guat-ha, ìyàwó rẹ̀, fi kọ̀ jálẹ̀ pé kí wọ́n má kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó àwọn baba ńlá tí wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nínú ilé. Alaalẹ́ ló ń bu ìrẹsì sínú abọ́ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ láwọ̀ búlúù, tí á gbé e síwájú àga tó ṣófo. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá ó pe Bing-tik lórí fóònù, ó ní oṣù keje ti ń bọ̀, oṣù tí ilẹ̀kùn àwọn òkú máa ń ṣí, ó ní kó wálé wá pe bàbá rẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọkùnrin ẹni ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Á dúró létí omi pẹ̀lú ọ̀pá ọparun tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀, á pe orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á ní kó máa bọ̀ nílé. Bí òkú bá ń bínú sí ẹni tó ń pè é, kò ní dáhùn. Ọmọdé Tsio-Bue mọ ìyẹn. Bing-tik sì ní ìdí tó fi gbà pé bàbá òun ń bínú sí òun.

Ẹja kan ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Tiong-hai lọ, odindi ẹja kan wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n fi ooru omi sè pẹ̀lú atalẹ̀ àti ewé àlùbọ́sà. Ní abúlé apẹja, bí a bá jẹ apá òkè ẹja tán, a máa ń fa egungun rẹ̀ yọ ni, ká wá jẹ apá ìsàlẹ̀ níbi tó wà. A kì í yí ẹja padà nínú àwo. Bí ẹja bá ṣe yí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ṣe yí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi igi ìjẹun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mú oúnjẹ, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Bing-tik nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kaosiong dé fún ìsinmi ni, níbi tó ti ń bá àwọn ọmọ orí òkè jẹun, àwọn tó ń yí ẹja padà bí ẹni ń yí ẹní. Oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Kí ọkàn rẹ̀ tó jí, ọwọ́ rẹ̀ ti yí ẹja.

Bàbá rẹ̀ rí i. Tiong-hai fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí okùn ìdákọ̀ró ti ká eyín rẹ̀ kan níwájú, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi igi ìjẹun tirẹ̀ rọra dá ẹja náà padà sí bó ṣe wà, ó mú fìlà, ó jáde.

Ní ọjọ́ kẹta wọ́n rí ọkọ̀ náà nínú agbami. Ó dojú dé, ikùn rẹ̀ funfun lókè. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Bing-tik kì í jẹ apá ìsàlẹ̀ ẹja mọ́. Bó bá ti kan egungun, á gbé igi ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀.

Ojúbọ náà kò ga ju ènìyàn lọ. Òkúta dúdú ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì kun òrùlé rẹ̀ ní pupa, àmọ́ iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ di àwọ̀ osùn àtijọ́. Nínú rẹ̀ ni ìkòkò amọ̀ mẹ́tàdínlógún tò sí, ìdérí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Egungun ènìyàn tí àwọ̀n bá kó, a kì í dà á padà sómi. Apẹja á bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ fi wé e, á máa bá a sọ̀rọ̀ títí wọn ó fi gúnlẹ̀, bí ẹni ń bá èrò ọkọ̀ sọ̀rọ̀, á sì gbé e wá síbí. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé arákùnrin ni gbogbo wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá gba abẹ́ ìdérí, àwọn ìkòkò náà á máa kùn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè díẹ̀, bí àwọn àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ nínú iyàrá kejì.

Bàbá Sui-bok, ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀pà jẹ. Awakọ̀ òkun ni fún ogójì ọdún. Ọkọ̀ kékeré rẹ̀ so mọ́ ẹ̀yìn àpáta, ó ń mì lẹ́nu omi.

"Ọmọ Tiong-hai nìyí," ló wí, láì gbé ojú kúrò lára ẹ̀pà. "Bàtà ìlú ńlá ló ń dún báyẹn lórí òkúta. O ti jẹun?"

Báyẹn ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀. Bing-tik ní òun ti jẹun. Irọ́ ni, kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti àárọ̀. Bàbá Sui-bok ní ó ti rù, ó ní ìṣirò kì í mú ènìyàn sanra, ó wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wọlé.

Bing-tik tan igi tùràrí mẹ́ta, ó gún wọn sínú eérú. Èéfín náà kò lọ sókè. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín àwọn ìkòkò bí ẹni tó ń wá ẹnì kan. Bing-tik kúnlẹ̀. Ó mú àwọn igi ìbéèrè láti orí pẹpẹ, igi pupa méjì tí a gbẹ́ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ikùn tó yọ àti ojú tó tẹ́jú. Bí ọ̀kan bá fi ikùn hàn tí èkejì fi ojú hàn, bẹ́ẹ̀ ni. Bí méjèèjì bá fi ikùn hàn, bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí méjèèjì bá sì fi ojú hàn sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni.

Ó ti ṣètò ìbéèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń dẹ pàkúté. Àlọ́ àti ayò ló ti ń fi ṣeré láti kékeré; ó mọ̀ pé bí a bá gé ìbéèrè ńlá sí wẹ́wẹ́, kò sí ibi tí ìdáhùn lè sá sí. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀, láti fi mọ̀ bóyá igi náà ń sọ òótọ́: ṣé òwúrọ̀ ni bàbá òun kúrò nílé? Ó ju igi. Wọ́n ta lórí òkúta, wọ́n yí, wọ́n dákẹ́. Ojú méjèèjì wà lókè.

Ẹ̀rín.

Ó tún béèrè. Ẹ̀rín. Ó yí ìbéèrè náà díẹ̀, ó ní ṣé kì í ṣe ọ̀sán ni bàbá òun kúrò nílé. Ẹ̀rín. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀: nínú ìgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú èyí yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀, ìbéèrè mẹ́rin tó kù, bí a ti gé wọn sí wẹ́wẹ́ dáadáa, ó sì rí i bí ohun tí ẹlòmíràn kọ. Ó ká a, ó fi í sápò. Ó wá fi ohùn kékeré béèrè ohun kan ṣoṣo tó gbé e rékọjá òkun.

"Bàbá, ṣé ọwọ́ mi ló dojú ọkọ̀ yín dé?"

Igi náà bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan dúró kíá. Èkejì ń yí lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí, ohùn rẹ̀ lórí òkúta dà bí eyín tó ń gbọ̀n, títí ó fi rọra tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀.

Ojú méjèèjì, lókè.

Bing-tik kò mọ ìgbà tó jáde síta. Ó ti jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Bàbá Sui-bok kó tó mọ̀, ó sì ti ń rojọ́. Ó sọ nípa ẹja náà. Ó sọ nípa àwọn ọmọ orí òkè, àti oorun ojú rẹ̀, àti ikùn ọkọ̀ tó funfun. Ó ní wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní ó kéré tán kí wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí òun mọ ibi tí òun dúró sí.

Bàbá àgbà náà ń pa ẹ̀pà lọ. Ó béèrè irú ẹja wo ni.

"Ẹja pupa yẹn, Bàbá. Èyí tó ní àmì lójú."

"Ẹja tó dára nìyẹn." Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù. "Ogójì ọdún ni mo fi wà lórí omi, mi ò yí ẹja kankan padà rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ dojú dé mọ́ mi lórí. Ta ló yí i?"

Bing-tik ní ṣé ohun tí Bàbá fẹ́ sọ ni pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ èèwọ̀.

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀. Bó o bá yí ẹja níwájú mi, màá gbá ọ létí. Mo kàn ní ta ló yí i? Ìwọ lo kàwé. Ṣírò ó."

Ó ní nígbà tí àwọn Arákùnrin bá rẹ́rìn-ín, ó máa ń jẹ́ pé ìbéèrè náà dùn mọ́ wọn, tàbí pé wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi dáhùn rẹ̀. Bóyá ẹ̀rín náà sì ni ìdáhùn. Ó ní òun kò sí nínú ìkòkò, òun kò mọ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí ẹnì kan tó ń bọ̀ lórí ọ̀nà òkun. Ìkùukùu kọ́kọ́ fi fìlà koríko hàn wọ́n, lẹ́yìn náà agbọ̀n, lẹ́yìn náà obìnrin kúkúrú kan tó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Guat-ha ni. Láti ọdún mẹ́sàn-án kò tíì débẹ̀ rí. Tẹ́ńpìlì ńlá ti Ìyá Òkun tó wà nínú abúlé ló máa ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń tọrọ pé kí alààyè padà wálé; ojúbọ orí àpáta, ti àwọn tí kò lè padà mọ́ ni.

"Ìyá Bing-tik," ni Bàbá Sui-bok wí, ó sì dìde, ohun tí kì í ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Ó tó ọdún mẹ́sàn-án."

"Mo mọ̀ ọ́n kà, Bàbá." Ó wo ọmọ rẹ̀. Kò béèrè ohun tó wá ṣe. Ó ní òun wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé lọ́la ni, kí ìpè náà má bàa bá a lójijì.

Ó gbé agbọ̀n wọlé. Abọ́ ẹnu búlúù náà ló kọ́kọ́ yọ, ìrẹsì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà àwo tó fi ewé bò. Òórùn atalẹ̀ jáde. Ẹja pupa ni, odindi, tó ní àmì lójú.

Guat-ha kò mọ ìkòkò tó yẹ kó dojú kọ, nítorí náà ó gbé oúnjẹ náà sáàárín gbogbo wọn. Ó pàtẹ́wọ́ pọ̀, ó kí wọn, ó ní bí Tiong-hai bá wà láàárín wọn kí wọ́n fún un láyè jẹun, bí kò bá sì sí níbẹ̀, kí wọ́n bá òun ránṣẹ́ pè é, kí àwọn náà sì jẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó. A kì í gbé oúnjẹ kúrò níwájú òkú láì béèrè bóyá ó ti yó. Nígbà tí tùràrí jó dé ìdajì, ó ju igi. Ikùn méjèèjì wà lókè.

"Wọn ò tíì jẹun tán," ló wí, ó tún jókòó.

Òkun ń bọ̀ láti ọ̀nà méjèèjì, ó ń para pọ̀ lórí ọ̀nà dúdú náà, omi sí omi, láì pariwo, bí ẹni ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Àwọn ìkòkò ń kùn. Bing-tik rí i pé bí òun kò bá sọ ọ́ níbẹ̀, òun kò ní sọ ọ́ mọ́.

"Màámi, èmi ni mo yí ẹja ní àárọ̀ ọjọ́ náà."

"Mo rí ọ."

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ẹja.

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bàbá rẹ gbé ojú sókè, a sì wo ara wa, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín jáde lọ ni. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà títí wọ́n fi dé ìdí odi."

Bing-tik béèrè ìdí tí ìyá rẹ̀ kò fi sọ nǹkan kan láti ọjọ́ yìí wá.

"Mo rò pé o ti gbàgbé." Ó mú ewé tó bọ́ sórí àwo sọnù. "Kí n wá máa rán ọ létí? O ò sì jẹ apá ìsàlẹ̀ ẹja mọ́. Mo ní Kaosiong ló kọ́ ọ ní ìgbéraga. Èmi ni mo ń jẹ gbogbo ẹ̀. Mo sanra."

Bàbá Sui-bok wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Bing-tik gbé orí lé orúnkún. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ wá sí ọrùn rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń rùn fún atalẹ̀, kò sì sọ pé kó má sunkún, kò sì sọ pé kó sunkún.

Nígbà tí tùràrí jó tán, Guat-ha tún mú igi ìbéèrè náà. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ohùn tó fi ń pè wọ́n wá sídìí oúnjẹ béèrè.

"Bàbá Bing-tik, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ikùn kan. Ojú kan.

"Wọ́n ti yó," ni Guat-ha wí. Ó gbé àwo sáàárín ara òun àti ọmọ rẹ̀, ó ní ohun tí òkú bá jẹ kù, ti alààyè ni.

Wọ́n jẹ apá òkè. Ebi ti pa Bing-tik gan-an, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí egungun yọ, ó gbé igi ìjẹun kalẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ mú igi ìjẹun náà, ó fi í sí i lọ́wọ́.

"Yí i."

Bing-tik wo ọ̀nà òkun. Kò sí ọ̀nà mọ́. Omi ti bò ó, ó tẹ́jú lọ láìní ojú àpá. Ọkọ̀ Bàbá Sui-bok nìkan ló kù tí yóò gbé wọn dé ilé.

"Màámi, ọkọ̀ la fẹ́ wọ̀."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o yí i."

Bàbá Sui-bok ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó yí i, ó sì jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó ní òun ń wo òkun, òun kò rí nǹkan kan, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òun yóò fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi iyọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bing-tik ki igi ìjẹun bọ abẹ́ ẹja náà, ó gbé e díẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó wá gbé e. Ẹja yí. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ìkòkò ń kùn bí wọ́n ṣe ń kùn tẹ́lẹ̀. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu. Apá tó wà nísàlẹ̀ ni omi ẹ̀wà sóyà máa ń rọ̀ sí, òun ló máa ń ní iyọ̀ jù, tó sì máa ń rọ̀ jù. Ó ti gbàgbé ìyẹn pátápátá.

Wọ́n fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá Sui-bok ka ìkẹta sókè kí wọ́n má bàa rẹ́ ẹ jẹ.

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ gbéra. Kò sí ìgbì. Ìmọ́lẹ̀ wà lókè, ìmọ́lẹ̀ kan náà wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ kékeré náà sì wà láàárín méjèèjì, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni òkè rẹ̀. Guat-ha gbé abọ́ tó ti ṣófo lé ẹsẹ̀. Ó ní lọ́la òun kò ní bu ìrẹsì sí iwájú àga mọ́, iwájú pátákó ni òun yóò máa gbé e sí. Nígbà tí wọ́n dé àárín, Bàbá Sui-bok fi ọwọ́ kan omi, ó ní ọkọ̀ ṣì wà bó ṣe wà o, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún.

Bing-tik jókòó síwájú. Láti ọdún mẹ́sàn-án kò tíì pe orúkọ náà sókè lórí omi. Ó ní kóun kàn dán an wò, kí ohùn òun má bàa ya lọ́la níwájú gbogbo abúlé.

"Tiong-hai," ló pè, jẹ́jẹ́. "Bàbá mi. Ẹ máa bọ̀, ká jọ lọ sílé."

Orúkọ náà rìn lórí omi, kò rì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu.